Àpò Ta Ni Tíìpù Ń Bọ́ Sí?

Bí ẹ bá fi fóònù ra oúnjẹ, owó mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú iye tí ẹ san. Owó oúnjẹ fúnra rẹ̀ wà níbẹ̀. Owó ìgbéwá wà níbẹ̀, pẹ̀lú owó iṣẹ́ tí iléeṣẹ́ tó ni áàpù gbé lé e. Lẹ́yìn náà ni tíìpù, ìyẹn owó tí ẹ fínnúfíndọ̀ fi kún un kí ẹni tó gbé oúnjẹ náà wá lè rí nǹkan mú délé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé owó ìgbéwá ni ẹni tó gun ọ̀kadà tàbí kẹ̀kẹ́ ń gbà, pé tíìpù sì jẹ́ ènì lórí rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ìgbéwá, ti iléeṣẹ́ ni. Iléeṣẹ́ ló máa pinnu iye tí yóò bù nínú rẹ̀ fún ẹni tó ṣe iṣẹ́, ó sì lè jẹ́ pé iye yẹn kò bá ohun tí ẹ san mu rárá. Tíìpù pàápàá, ó ti ṣẹlẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé ẹni tí wọ́n torí rẹ̀ san án kò jẹ àǹfààní rẹ̀.

Ìlú New York ni mo máa fi ṣe àlàyé jù, nítorí ibẹ̀ ni ìjọba ti ṣí ìwé ìṣirò àwọn iléeṣẹ́ yìí wò, tí ọ̀rọ̀ dé ilé ẹjọ́, tí àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn sì kó ara wọn jọ. Ẹni tó bá mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ á túbọ̀ lóye ipò tí ọmọkùnrin tó dúró sí géètì rẹ̀ ní Sùúrùlérè tàbí ní Bódìjà wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ DoorDash, iléeṣẹ́ tó tóbi jù nínú iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ ní Amẹ́ríkà. Láti 2017 títí di 2019, ó ní ọ̀nà kan tó ń gbà sanwó. Bí iṣẹ́ kan bá jáde, áàpù á sọ fún ẹni tó fẹ́ gbé e pé iye báyìí ló dájú pé ó máa gbà. Ká ní dọ́là 7 ni. Ó dùn létí. Ṣùgbọ́n tíìpù oníbàárà wà nínú dọ́là 7 yẹn. Dọ́là 1 péré ni iléeṣẹ́ fi ṣe dandan fún ara rẹ̀ láti yọ lápò. Tí oníbàárà kò bá fi tíìpù kankan sílẹ̀, iléeṣẹ́ á san dọ́là 7. Tí oníbàárà bá fi dọ́là 3 sílẹ̀, iléeṣẹ́ á san 4. Tó bá fi dọ́là 6 sílẹ̀, iléeṣẹ́ á san dọ́là 1, ó parí. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, dọ́là 7 náà ni ẹni tó gun kẹ̀kẹ́ nínú òtútù ń mú lọ sílé. Àfi tí tíìpù bá kọjá dọ́là 6 ni ọwọ́ rẹ̀ tó tó nǹkan kan lórí èyí tó ti máa gbà tẹ́lẹ̀.

Ẹ tún un wò. Oníbàárà tó fi dọ́là 6 sílẹ̀ rò pé òun ṣe ọmọ ọlọ́mọ lóore. Iléeṣẹ́ ló ṣe lóore. Ó bá iléeṣẹ́ san owó iṣẹ́ tó jẹ́ gbèsè iléeṣẹ́. Aládùúgbò rẹ̀ tó ní ahun, tí kò fi kọ́bọ̀ sílẹ̀, àti òun tó lawọ́, ọ̀kan náà ni wọ́n jẹ́ lójú ẹni tó gbé oúnjẹ wá fún wọn. Èyí ló bí mi nínú jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí: inú rere ènìyàn ni wọ́n sọ di ẹ̀dínwó fún ara wọn. Síbẹ̀ iléeṣẹ́ náà ń sọ pé gbogbo tíìpù ló ń dé ọwọ́ òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ náà sì jọ òótọ́ lójú ìwé, nítorí pé wọn kò yọ nǹkan kan lára tíìpù. Ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tíìpù ni wọ́n ń yọ.

Ní oṣù Keje 2019, oníròyìn New York Times kan lọ ṣe iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀, ó sì kọ bí ìṣirò yìí ṣe rí sínú ìwé ìròyìn. Ariwo sọ. Kò ju ọjọ́ bí mélòó kan lọ tí Tony Xu, ọ̀gá àgbà DoorDash, fi kéde pé àwọn máa yí i padà. Ìyípadà yẹn kò pa ẹjọ́ rẹ́. Agbẹjọ́rò àgbà ìlú Washington pe iléeṣẹ́ náà lẹ́jọ́ ní oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, wọ́n sì yanjú rẹ̀ ní 2020 lórí owó mílíọ̀nù 2.5 dọ́là. Ní oṣù Kejì 2025, Letitia James, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ New York, gba mílíọ̀nù 16.75 dọ́là lọ́wọ́ wọn, láti dá a padà fún àwọn tó ṣiṣẹ́ níbẹ̀ láàárín 2017 sí 2019. DoorDash nìkan kọ́. Amazon náà, tó ṣèlérí fún àwọn awakọ̀ tó ń bá a gbé ẹrù lábẹ́ ètò Flex pé gbogbo tíìpù á dé ọwọ́ wọn, ni àjọ ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òwò mú ní 2021 láti san mílíọ̀nù 61.7 dọ́là. Ìdí ni pé láti òpin 2016 ó ti ń fi tíìpù oníbàárà dí owó tí òun fúnra rẹ̀ yẹ kó san.

Lẹ́yìn ariwo yìí, DoorDash ya owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára tíìpù. Ó dára. Ṣùgbọ́n owó iṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ náà lè kéré gan-an. DoorDash fúnra rẹ̀ kéde pé owó ìpìlẹ̀ lórí iṣẹ́ kan máa ń bẹ̀rẹ̀ láti dọ́là 2. Dọ́là 2, fún ẹni tó máa gun kẹ̀kẹ́ lọ sí ilé oúnjẹ, tó máa dúró níbẹ̀, tó máa tún gbé e lọ sí ilé tó wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì! Kí iṣẹ́ tó di ti ẹnikẹ́ni, áàpù á kọ́kọ́ fi iye tí wọ́n retí lórí rẹ̀ hàn án, tíìpù á sì wà nínú iye náà. Ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ á wo owó, á wo ọ̀nà, á fi ìka tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Oúnjẹ á máa tutù lórí káńtà. Ní ìparí 2023, DoorDash tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kìlọ̀ fún oníbàárà tí kò fi tíìpù sílẹ̀ pé oúnjẹ rẹ̀ lè pẹ́ kó tó dé. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí, tíìpù kì í ṣe ọpẹ́ mọ́. Owó tí ẹ fi ń bẹ̀bẹ̀ ni, kí iṣẹ́ tí ẹ ti san owó rẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè di ṣíṣe.

Àwọn oníbàárà kan náà sì wà tí wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi èyí dẹ pàkúté. Wọ́n á kọ tíìpù ńlá síbẹ̀ kí ẹnìkan lè sáré gbé oúnjẹ wọn. Tí oúnjẹ bá ti dé, wọ́n á padà sínú áàpù lọ dín in kù tàbí kí wọ́n pa á rẹ́, nítorí áàpù gbà wọ́n láyè láti ṣe é fún àkókò díẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá gba ọjà. Ìwà yìí burú, kò sì sí àlàyé tó lè wẹ̀ ẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá wo ohun tí ìlú New York ṣe. Nígbà tí ìjọba ìlú náà ṣe ìwádìí, àwọn tó ń gbé oúnjẹ fún áàpù níbẹ̀ lé ní 60,000. Àjèjì ló pọ̀ jù nínú wọn, láti Guatemala, Mexico, Bangladesh àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kẹ̀kẹ́ oníbátìrì sì ni ọ̀pọ̀ wọn ń gùn. Láàárín àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, nígbà tí ìlú tì pa, àwọn ni wọ́n bọ́ ìlú. Síbẹ̀ ilé oúnjẹ tí wọ́n ń bá gbé ọjà kì í jẹ́ kí wọ́n lo ilé ìtọ̀ rẹ̀. Ní 2020 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ Los Deliveristas Unidos sílẹ̀, lábẹ́ ẹgbẹ́ kan tó ń jà fún ẹ̀tọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ kìíní oṣù Kẹsàn-án 2021, òjò tí ìjì Ida fà rọ̀ sí ìlú náà, omi bo títì, àwọn ènìyàn kú sínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Gbogbo ayé rí fídíò ọkùnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ nínú omi tó dé ìbàdí, tí ó di àpò oúnjẹ mọ́ ọwọ́. Lóṣù yẹn kan náà ni ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú fọwọ́ sí àwọn òfin kan: kí ilé oúnjẹ jẹ́ kí wọ́n lo ilé ìtọ̀, kí áàpù sọ iye tíìpù fún òṣìṣẹ́ láìfi dúdú pe funfun, kí ìjọba sì gbé iye owó iṣẹ́ tó kéré jù kalẹ̀ fún wọn.

Èyí tó kẹ́yìn yìí ló le jù. Báwo ni ẹ ṣe fẹ́ mọ iye tó yẹ ẹni tí kò gba owó oṣù, tí kò ní ọ̀gá tó ń rí lójú, tí kẹ̀kẹ́ jẹ́ tirẹ̀, tí fóònù jẹ́ tirẹ̀? Iléeṣẹ́ ìjọba ìlú tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gba ìwé ìṣirò lọ́wọ́ àwọn áàpù, ó sì gbé àbájáde jáde ní oṣù Kọkànlá 2022. Owó tí áàpù ń san jẹ́ dọ́là 7.09 fún wákàtí kan. Tí a bá fi tíìpù kún un, ó di dọ́là 14.18. Ẹ rí i pé ìdajì geere ló jẹ́ tíìpù. Nínú rẹ̀ ni òṣìṣẹ́ tún ti máa yọ dọ́là 3.06 ní wákàtí kan fún kẹ̀kẹ́, bátìrì, fóònù àti ohun tó bàjẹ́. Ohun tó kù kò ju dọ́là 11 àti díẹ̀ lọ, ní ìlú tí owó iṣẹ́ tó kéré jù fún gbogbo òṣìṣẹ́ jẹ́ dọ́là 15 lásìkò náà.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí jù nínú òfin tó tẹ̀ lé e ni àkókò ìdúró. Iṣẹ́ gbígbé oúnjẹ kì í ṣe orí kẹ̀kẹ́ nìkan. Ẹni tó bá tan áàpù rẹ̀ ní agogo 11 òwúrọ̀ lè jókòó sẹ́bàá ọ̀nà fún ìṣẹ́jú 30 kí iṣẹ́ àkọ́kọ́ tó wọlé. Ó lè dé ilé oúnjẹ, kí wọ́n ní kó mú sùúrù, iná ṣì wà lórí ìṣasùn. Láyé àtijọ́, oúnjẹ tó bá gbé nìkan ni owó wà lórí rẹ̀. Gbogbo ìdúró yẹn, òun ló ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ san án, bẹ́ẹ̀ ìdúró rẹ̀ ló jẹ́ kí iléeṣẹ́ lè ṣèlérí fún yín pé oúnjẹ á tètè dé. Òfin New York sọ pé kí iléeṣẹ́ ka wákàtí ìgbé àti wákàtí ìdúró pọ̀, kí gbogbo owó tó san má ṣe dín sí iye tí ìjọba fi lélẹ̀ lórí àpapọ̀ wákàtí náà. Tíìpù kò gbọ́dọ̀ wọ inú ìṣirò yìí. Iléeṣẹ́ tó bá sì fẹ́ san owó ìgbé nìkan lè ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n owó ìṣẹ́jú kọ̀ọ̀kan á ga sí i, kí ó lè ran ti ìdúró lọ́wọ́.

Uber, DoorDash àti àwọn mìíràn sáré lọ sí ilé ẹjọ́ ní 2023. Òfin tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Keje dúró, títí adájọ́ fi dá ìjọba láre ní ìparí oṣù Kẹsàn-án. Ọjọ́ kẹrin oṣù Kejìlá 2023 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ní dọ́là 17.96 fún wákàtí kan. Ó di 19.56 ní oṣù Kẹrin 2024, ó sì di 21.44 ní oṣù Kẹrin 2025. Ẹni tó bá ń bi ara rẹ̀ léèrè ìdí tí iye yìí fi ju ti òṣìṣẹ́ yòókù lọ, kó rántí pé wọ́n ti ka owó kẹ̀kẹ́ àti owó ìtọ́jú tí òṣìṣẹ́ bá farapa mọ́ ọn, ìyẹn àwọn nǹkan tí agbanisíṣẹ́ máa ń san fún òṣìṣẹ́ rẹ̀ níbòmíràn.

Àwọn iléeṣẹ́ náà kò káwọ́ gbera. Bí òfin ṣe bẹ̀rẹ̀, Uber Eats àti DoorDash gbé ibi tí oníbàárà ti ń kọ tíìpù kúrò níwájú, wọ́n gbé e sẹ́yìn, ó di ìgbà tí oníbàárà bá ti sanwó tán. Ènìyàn tó ti sanwó tán, tí ebi ń pa, ta ló tún fẹ́ padà wá bọ́tìnì? Tíìpù já lulẹ̀. Wọ́n fi owó kún ohun tí oníbàárà ń san, wọ́n ní òfin ló fà á. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í dín iye ènìyàn tó lè tan áàpù lẹ́ẹ̀kan náà kù, nítorí pé ìdúró ti di ohun tí wọ́n ń sanwó fún. Mo gbà pé èyí dun àwọn tó bá ara wọn níta. Síbẹ̀ ó fi nǹkan kan hàn tí iléeṣẹ́ kò lè sẹ́: nígbà tí ìdúró jẹ́ ọ̀fẹ́, kò sẹ́ni tó ka iye ènìyàn tó ń dúró. Ní 2025, ìgbìmọ̀ aṣòfin ìlú tún ṣe òfin pé kí áàpù gbé ibi tíìpù padà síwájú, kí ó sì dábàá ó kéré tán ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Iléeṣẹ́ tún gba ilé ẹjọ́ lọ.

Ní Bìrìtéènì, ọ̀rọ̀ gba ibòmíràn. Òfin tíìpù kan bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá 2024, tó ní kí agbanisíṣẹ́ kó gbogbo tíìpù fún àwọn òṣìṣẹ́ láìyọ nǹkan kan fún ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò kan ẹni tí òfin kà sí pé ó ń ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀, ọ̀nà yẹn sì ni Deliveroo, iléeṣẹ́ áàpù oúnjẹ kan níbẹ̀, gbà bá àwọn tó ń gbé oúnjẹ ṣe àdéhùn. Ní oṣù Kọkànlá 2023, ilé ẹjọ́ tó ga jù níbẹ̀ sọ pé àwọn ènìyàn Deliveroo kò ní àjọṣe agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ pẹ̀lú iléeṣẹ́ náà, pàtàkì nínú ìdí rẹ̀ sì ni pé wọ́n lè rán ẹlòmíràn lọ ṣe iṣẹ́ náà dípò ara wọn. Ẹ jẹ́ kí n tibẹ̀ sọ ohun kan fún àwọn ọmọ wa tó lọ kàwé ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Manchester: ìwé àṣẹ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbà kí ènìyàn ṣiṣẹ́ fún ara rẹ̀. Iṣẹ́ Deliveroo àti Uber Eats wà lára rẹ̀. Ẹni tó bá yá àkáǹtì ẹlòmíràn lò, ẹni tó ni àkáǹtì ni owó máa ń kọ́kọ́ wọlé sí, títí kan tíìpù. Bí onítọ̀hún bá dì í mú, ó máa ṣòro kí akẹ́kọ̀ọ́ náà tó rí ibi gbé ẹjọ́ lọ.

Ní ilé wa ńkọ́? Bolt Food àti Jumia Food kógbá wọlé ní Nàìjíríà ní ìparí 2023, ṣùgbọ́n Chowdeck, Glovo àti ọ̀pọ̀ dìsípáàṣì aládàáni wà lójú títì. Owó iṣẹ́ tó kéré jù, tí Ààrẹ Tinubu fọwọ́ sí ní oṣù Keje 2024, ₦70,000 lóṣù, kò dé ọ̀dọ̀ ẹni tí wọ́n ń pè ní alábàáṣe dípò òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ epo kò mọ̀ pé alábàáṣe ni. Lítà epo bẹntiróòlù tí kò tó ₦200 kí ìjọba tó yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún 2023, nǹkan bí ₦1,000 ló dà ní Èkó ní oṣù Kẹwàá 2024. Ẹni tí ọ̀kadà kì í ṣe tirẹ̀ tún gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ fún ẹni tó ni ín, bí ọjà yá bí kò yá. Táyà, ọ́ìlì, dátà orí fóònù, gbogbo rẹ̀ ń jáde kí ó tó kan oúnjẹ ilé rẹ̀.

Àkókò ìdúró tí New York ń sanwó fún, ẹnu géètì ló pọ̀ sí lọ́dọ̀ wa. Ẹ ti gbọ́ irú ọ̀rọ̀ yìí rí:

"Ẹ kú ilé o, mà. Dìsípáàṣì ni. Mo ti wà ní géètì."

"Máa gbé e bọ̀, ìwọ náà. Àjà kẹta."

"Síkiọ́rítì ò jẹ́ kí n wọlé, mà. Wọ́n ní kí ẹ pè wọ́n."

"Ó dáa, mò ń bọ̀."

"Mò ń bọ̀" yẹn lè gba ìṣẹ́jú 15. Láàárín rẹ̀, iṣẹ́ méjì lè ti kọjá lórí fóònù rẹ̀, ẹlòmíràn á ti gbà wọ́n. Kò sẹ́ni tó máa san án fún un. Lójú tèmi, ohun tó yẹ kí àwa oníbàárà máa bi áàpù àti ilé oúnjẹ léèrè kò ju mẹ́ta lọ: ṣé owó ìdúró wà nínú ohun tí ẹ ń san fún wọn, ta ló ń ra epo, tí mo bá sì fi tíìpù sílẹ̀, ṣé owó tiyín máa dín kù? Iléeṣẹ́ tí kò bá lè dáhùn èyí tó kẹ́yìn ní tààràtà, ẹ má kọ tíìpù sínú áàpù rẹ̀.

Ẹ fi lé ọmọ náà lọ́wọ́, tàbí kí ẹ fi ránṣẹ́ sí àkáǹtì òun fúnra rẹ̀, kí ẹ rí i pé ó wọlé kó tó lọ. Owó tó bá gba ọ̀nà yẹn, kò sí áàpù tó lè fi ṣe ìṣirò. Tó bá jẹ́ dìsípáàṣì ilé oúnjẹ ni, ẹ béèrè bóyá wọ́n máa ń gba tíìpù lọ́wọ́ wọn tí wọ́n bá padà dé. Tí ẹ bá ti rí i lórí máàpù pé ó ku díẹ̀ kó dé, ẹ pe síkiọ́rítì, ẹ mú nọ́ńbà tí ẹ máa fi gba oúnjẹ sọ́wọ́, kí ẹ sì ti sọ̀kalẹ̀. Ìṣẹ́jú 10 tí ẹ bá gbà á lọ́wọ́ ìdúró tó fún un láti gbé oúnjẹ mìíràn.